Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Pọ́n-ùn Nàìjíríà, owó tí kò pé ọdún 14

Ẹ̀yin ará Adó-Èkìtì, kí náírà tó dé, Nàìjíríà ti ní owó mìíràn tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò mọ̀. Láti ọdún 1912, ìgbìmọ̀ kan ní Lọ́ńdọ́nù ló ń ṣe owó kan náà fún àwa, Gánà, Sàró àti Gáńbíà. Ọjọ́ kìíní oṣù Keje, ọdún 1959, ni Báńkì Àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tó sì gbé pọ́n-ùn tiwa jáde. Òun la ń ná nígbà tí a gba òmìnira ní 1960.

Nígbà náà, kọ́bọ̀ 12 ni ṣílè kan, ṣílè 20 ni pọ́n-ùn kan. Tọ́rọ́ ni kọ́bọ̀ mẹ́ta, sísì ni mẹ́fà. Ẹ ro ìṣirò tí àwọn ìyá wa ń ṣe lórí lọ́jà Ọba, láìsí ìwé, láìsí bírò! Ọpọlọ wọn pé gan-an.

Nígbà ogun abẹ́lé, ní oṣù Kìíní 1968, ìjọba àpapọ̀ pààrọ̀ owó bébà náà kí èyí tó wà lọ́wọ́ Biafra má bàa wúlò mọ́. Ìwọ̀nba ọjọ́ ni wọ́n fún aráàlú láti pààrọ̀ tiwọn. Ìyẹn le jù fún àgbẹ̀ kòkó tó tọ́jú owó sí abà.

Ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní, ọdún 1973, ni náírà gbapò: pọ́n-ùn kan di náírà méjì.

Bí tọ́rọ́ tàbí sísì bá ṣì wà nínú àpótí àwọn àgbà yín ní Adó, Ìyìn tàbí Ìgèdè, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tà á fún oníirin. Ẹ tọ́jú rẹ̀ fáwọn ọmọ.