Ohun tó ń mú ọkọ̀ àtijọ́ kùnà àyẹ̀wò èéfín

Láti ọdún 2011 ni Nàìjíríà ti ní òfin lórí èéfín ọkọ̀, ìkáwọ́ NESREA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó òfin àyíká, ló sì wà. Síbẹ̀, ẹni tó ń fi tòkùnbọ̀ ná ọ̀nà Igbótako sí Òkìtìpupa lè pẹ́ títí kí ẹnikẹ́ni tó bi í léèrè èéfín. Ọjọ́ tó bá gbé e dé Èkó, tí wọ́n ki ọ̀pá ẹ̀rọ bọ ẹnu sálẹ́ńsà ní ilé àyẹ̀wò ọkọ̀ LACVIS, lọ̀rọ̀ ń yíwọ́. Mẹkáníìkì á wá máa pààrọ̀ nǹkan: lónìí plọ́ọ̀gì, lọ́la nósùlù, lọ́túnla sẹ́ńsọ̀. Owó á lọ, àrùn á kù sílẹ̀.

Ojú ni ká kọ́kọ́ lò. Bí èéfín bá dúdú, epo ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ; kílò kan bẹntiróòlù ń fẹ́ bíi kílò 14.7 afẹ́fẹ́ kó tó jó tán. Ẹ yọ fílítà afẹ́fẹ́ wò, nítorí eruku ọ̀gbẹlẹ̀ wa kì í ṣeré, kí ẹ tó dé orí nósùlù tó ń jò. Bó bá jẹ́ Peugeot 504 ni, kábúrétọ̀ ni ká tún ṣe. Bí èéfín bá jẹ́ búlúù, ọ́ìlì ló ń jó, ó ṣeé ṣe kí ríìnì ti jẹ. Bó bá funfun tí kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì gbóná, tí omi rédíétọ̀ sì ń dín, gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ti bàjẹ́.

Èyí tí ojú kò rí ló burú jù. Carbon monoxide kò láwọ̀, kò lóòórùn, ó sì ń pani. Ní ìlú ọba, níbi tí àwọn èèyàn wa ti ń gbé ọkọ̀ lọ fún àyẹ̀wò MOT lọ́dọọdún, ọkọ̀ bẹntiróòlù tó ní kátálíìsì, ìyẹn ohun tó ń fọ èéfín mọ́ lábẹ́ ọkọ̀, kò gbọdọ̀ tú ju ìdá 0.2 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jáde nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ìgbà 2,500 sí 3,000 ní ìṣẹ́jú kan. Wọ́n tún ń wo lambda, ìyẹn òṣùwọ̀n epo àti afẹ́fẹ́, 0.97 sí 1.03 ló dára. Bí lambda bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ wá ihò lára sálẹ́ńsà kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì: afẹ́fẹ́ tó gba ihò wọlé lè tan ẹ̀rọ jẹ.

Ọ̀rọ̀ kátálíìsì dùn mí. Platinum, palladium àti rhodium inú rẹ̀ ló ń sọ gáàsì olóró di èyí tí kò léwu tó bẹ́ẹ̀, àwọn náà ló sì jẹ́ kí wọ́n máa gé e tà, tí wọ́n á jó páìpù lásán sípò rẹ̀. Lọ́dún 2020, àwọn aláyẹ̀wò ìjọba Netherlands rí i pé wọ́n ti gé ti àwọn ọkọ̀ kan kí wọ́n tó kó wọn wá sí Áfíríkà. Nítorí náà, ẹ yọjú wo abẹ́ ọkọ̀. Bó bá wà níbẹ̀, tí skáànà sì mú P0420 jáde, ìyẹn kóòdù tó ń sọ pé kátálíìsì kò ṣiṣẹ́ tó, ẹ má tíì ra tuntun. Plọ́ọ̀gì tí kò ṣáná dáadáa ń jẹ́ kí epo tí kò jó wọ inú rẹ̀, ó sì ń jó o mọ́lẹ̀. Tuntun tí ẹ bá fi sí i á kú ikú kan náà. Ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú.

Ẹ wa ọkọ̀ náà títí yóò fi gbóná dáadáa kí ẹ tó wọlé àyẹ̀wò, nítorí kátálíìsì kì í ṣiṣẹ́ dáadáa títí ooru rẹ̀ fi tó bíi 300 lórí òṣùwọ̀n Celsius.