Ìbò Nìkan Kò Tó: Bí Orílẹ̀-Èdè Onírúurú Ẹ̀yà Ṣe Ń Fohùn Ṣọ̀kan

 

Gbogbo ẹni tó wá sí ìpàdé àwọn ẹgbẹ́ elédè tó kọjá ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Wákàtí mẹ́ta ni wọ́n fún wa lórí pèpéle ní Ọjọ́ Àṣà, a sì ní ká dìbò lórí bí a ó ṣe pín in. Ẹgbẹ́ Haúsá, ẹgbẹ́ Ígbò àti ẹgbẹ́ tiwa la pọ̀ jù. A ti bá ara wa sọ ọ́ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, a sì nawọ́ sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ó di ìṣẹ́jú 50 fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú àwa mẹ́ta. Ìṣẹ́jú 30 tó kù, kí Tífì, Ìgalà, Núpé, Ìdọ̀mà, Ẹ̀bìrà àti Gbàgí lọ pín in láàárín ara wọn. La bá pàtẹ́wọ́. Ìgbà yẹn ni ọ̀rẹ́ wa kan láti ẹgbẹ́ Núpé dìde. Kò pariwo. Ó kàn ní, “Ṣé ẹ̀yin mẹ́ta nìkan lẹ ni ilé-ìwé yìí ni?” Ó sì jókòó. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹgbẹ́ kékeré kankan ò tíì mú orúkọ oníjó wá.

Olùkọ́ wa ò bá wa wí. Wọ́n kàn ní kí n lọ wádìí bí orílẹ̀-èdè tí ẹ̀yà pọ̀ nínú rẹ̀ ṣe ń yanjú irú ọ̀rọ̀ báyìí, kí n wá kọ ọ́ fún gbogbo wa. Ohun tí mo rí nìyí.

Ìbò yàtọ̀ sí ìfohùnṣọ̀kan

Tí a bá ń dìbò, ìbéèrè kan ṣoṣo là ń bi ara wa: ènìyàn mélòó ló fẹ́ ẹ? Tí a bá ń wá ìfohùnṣọ̀kan, ìbéèrè náà yí padà: ta ni kò lè gbà á, kí sì ni ìdí? Kò túmọ̀ sí pé inú gbogbo ènìyàn ní láti dùn sí ohun tí a fẹnu kò sí. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé kò ní sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà máa ni lára débi pé á kó ẹrù rẹ̀ jáde nílé.

Kì í ṣe pé ìbò burú o. Ìbò dára níbi tí ẹni tó fìdí rẹmi lónìí ti lè wọlé lọ́la. Ẹgbẹ́ òṣèlú tó pàdánù lè yí àwọn ènìyàn lọ́kàn padà kí ìdìbò mìíràn tó dé. Ṣùgbọ́n ti ẹ̀yà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó jẹ́ Núpé lónìí, Núpé náà ni lọ́la. Tó bá jẹ́ pé iye orí la ó máa fi parí gbogbo ọ̀rọ̀ ní orílẹ̀-èdè tí èdè inú rẹ̀ lé ní 500, àwọn kan á wà tí wọn ò ní borí láéláé. Ẹni tó sì mọ̀ pé òun ò lè borí láéláé, kí ló tún fẹ́ wá ṣe ní ìpàdé?

Ìdí nìyẹn tí àwọn orílẹ̀-èdè fi máa ń pe àpérò. Nàìjíríà ti ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀.

Ọdún 1953: ọjọ́ kan ló dá ìjà sílẹ̀

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 1953, Anthony Enahoro ti ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group dìde ní ilé aṣòfin ní Èkó. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà náà. Ó dábàá pé kí Nàìjíríà gba ìjọba ara rẹ̀ ní ọdún 1956. Ahmadu Bello, Sàrdáúnà Sókótó, tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ NPC, ní kí wọ́n yọ “1956” kúrò, kí wọ́n fi “ní kété tó bá ti ṣeé ṣe” rọ́pò rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ ọ, ẹ lè rò pé Àríwá kò fẹ́ òmìnira ni. Rárá o. Ohun tó kọjú sí ẹnìkan, ẹ̀yìn ló kọ sí ẹlòmíràn. Ilé-ìwé ti pọ̀ ní Gúúsù nígbà náà, kò pọ̀ ní Àríwá. Àwọn aṣáájú Àríwá rò ó pé tí òyìnbó bá lọ kíákíá, àwọn ará Gúúsù ni yóò gba gbogbo iṣẹ́ ìjọba, tí àwọn á kàn pààrọ̀ ọ̀gá. Àwọn ará Gúúsù ní tiwọn rò ó pé “ní kété tó bá ti ṣeé ṣe” lè di ogún ọdún, pé òyìnbó ni ọ̀rọ̀ náà máa gbè. Ìbẹ̀rù méjèèjì ló ní ìdí.

Ọ̀rọ̀ ò wọ̀ mọ́. Àwọn Action Group àti NCNC jáde kúrò ní ilé aṣòfin. Bí àwọn aṣojú Àríwá ṣe ń jáde ní Èkó, àwọn èrò ojú pópó ń hó lé wọn lórí. Wọ́n gbé ìbínú yẹn relé. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, tí àwọn Action Group fẹ́ lọ ṣe ìpolongo ní Kánò, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi jà. Ìjọba ìgbà náà kà á pé ènìyàn 36 ló kú, tí àwọn tó fara pa sì lé ní 200. Àwọn aṣáájú Àríwá wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ètò kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ pé kí kálukú máa bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ ò rí i? Ọjọ́ kan péré nínú kàlẹ́ńdà ni wọ́n ń jà lé lórí.

Báwo ni wọ́n ṣe yanjú ẹ̀? Wọ́n lọ jókòó ní Lọ́ńdọ̀nù láti oṣù keje sí oṣù kẹjọ ọdún 1953, wọ́n sì parí rẹ̀ ní Èkó ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1954. Wọn ò dìbò láti mọ̀ bóyá 1956 ló máa borí tàbí kò ní borí. Ìbéèrè ọ̀hún gan-an ni wọ́n yí padà. Ta ló ní ọjọ́ kan náà gbọ́dọ̀ bá gbogbo wa mu? Wọ́n gbà pé kí Nàìjíríà di ìjọba àpapọ̀ tí ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní agbára tirẹ̀ nínú rẹ̀, kí ẹkùn tó bá fẹ́ ìjọba ara rẹ̀ láti 1956 gbà á, kí èyí tí kò tíì ṣe tán sì dúró títí yóò fi ṣe tán. Ìlà-Oòrùn àti Ìwọ̀-Oòrùn gba tiwọn ní ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ ọdún 1957. Àríwá gba tirẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 1959. Nígbà tó di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 1960, gbogbo wa jọ gba òmìnira. Kò sí ẹni tó rí gbogbo ohun tó béèrè gbà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kó ẹrù rẹ̀ jáde.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn: tí “bẹ́ẹ̀ ni” àti “bẹ́ẹ̀ kọ́” bá kọlu ara wọn, ẹ wá ọ̀nà kẹta.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ kò dé ọ̀dọ̀ wọn

Àmọ́ àlàfo kan wà nínú ètò yẹn. Ẹkùn mẹ́ta ni wọ́n tò, ẹ̀yà ńlá kan ló sì ń darí ẹkùn kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀dó àti Úróbò ní Ìwọ̀-Oòrùn ńkọ́? Ìbíbíò àti Ẹ́fíìkì ní Ìlà-Oòrùn ńkọ́? Tífì àti àwọn ará àárín gbùngbùn ní Àríwá ńkọ́? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé òmìnira tó ń bọ̀ yìí kò ní kan àwọn. Ní 1957, ìjọba òyìnbó gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Henry Willink kí wọ́n lọ gbọ́ ẹ̀rù tó ń ba àwọn ẹ̀yà kékeré. Kí àwa Yorùbá má sì rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn nìkan ni: ọ̀rọ̀ àwọn Yorùbá Ìlọrin àti Kàbà, tí wọ́n wà lábẹ́ Àríwá, dé iwájú ìgbìmọ̀ náà. Ẹni tó jẹ́ ọ̀pọ̀ ní ibì kan, díẹ̀ ló jẹ́ ní ibòmíràn. Àwa tí a wà ní ilé-ìwé yìí, tí a jìnnà sílé, ó yẹ ká mọ ìyẹn ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ní 1958, ìgbìmọ̀ náà gbà pé ẹ̀rù wọn kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n wọn ò dá ìpínlẹ̀ tuntun kankan sílẹ̀. Wọ́n ní kí a kọ ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn sínú ìwé òfin, a sì kọ ọ́. Ó ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Síbẹ̀ ìyẹn nìkan ò tó. Ìbéèrè tí wọ́n gbé jù sí ẹ̀gbẹ́ kan tún padà wá. Ní 1963, wọ́n yọ Àárín Ìwọ̀-Oòrùn kúrò lára Ìwọ̀-Oòrùn. Ní 1967, ẹkùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di ìpínlẹ̀ 12. Lónìí, ìpínlẹ̀ 36 la ní.

Ẹ̀kọ́ kejì: ọ̀rọ̀ ẹni tí a kò fún láyè lórí tábìlì kì í kú. Á padà wá, owó rẹ̀ á sì ti wọ́n ju ti àná lọ.

Ọdún 2014: iye tó yẹ kó tó

Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 2014, Ààrẹ Goodluck Jonathan ṣí àpérò gbogbogbòò kan ní Àbújá. Aṣojú 492 ló jókòó: àwọn àgbà láti ìpínlẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́, àwọn obìnrin, ọ̀dọ́, ọba, ẹlẹ́sìn, títí kan àwọn abirùn. Adájọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, Idris Kutigi, ọmọ Núpé, ló wà lórí àga. (Ẹ rántí ọ̀rẹ́ wa.)

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n bá ara wọn fà fún ọjọ́ púpọ̀ ni bí wọ́n á ṣe máa fẹnu kò. Òfin tí ìjọba fún wọn ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ wá ìfohùnṣọ̀kan. Tí kò bá ṣeé ṣe, kí ìdá 75 nínú 100 gbà á kó tó di ìpinnu. Àwọn kan ní ìyẹn ti pọ̀ jù, pé ìdá méjì nínú mẹ́ta ti tó. Àwọn mìíràn ní tó bá kéré, wọ́n máa fi iye orí tẹ àwọn mọ́lẹ̀. Wọ́n padà gbà sí ìdá 70. Ó lè jọ eré ọmọdé, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n wà. Tó bá jẹ́ ìdá 51 ló tó, ẹni tó ní ìdá 51 kò nílò láti bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Tó bá di ìdá 70, dandan ni kó lọ kan ilẹ̀kùn ẹlòmíràn.

Ọgbọ́n yẹn ṣiṣẹ́. Ìpinnu tó lé ní 600 ni wọ́n fẹnu kò sí. Àmọ́ ọ̀kan kọ̀, kò gbọ́: owó epo. Ìwé òfin wa sọ pé ó kéré tán, ìdá 13 nínú 100 owó ohun àlùmọ́ọ́nì gbọ́dọ̀ padà sí ibi tí wọ́n ti wà á. Gúúsù-Gúúsù fẹ́ kó pọ̀ sí i, Àríwá kò gbà. Ohun kan náà ló ti da àpérò ọdún 2005 rú, tí àwọn aṣojú Gúúsù-Gúúsù fi bínú jáde. Ní 2014, wọn ò jẹ́ kó fọ́. Wọ́n ní kí ìjọba gbé ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n lọ ṣe ìṣirò rẹ̀. Àwọn kan ní ìyẹn ò yàtọ̀ sí sísá fún ọ̀rọ̀. Lójú tèmi, ó sàn ju kí ilé dà rú lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a sún síwájú kò tíì parí.

Lẹ́yìn náà ńkọ́? Wọ́n gbé àbọ̀ ìwádìí tó lé ní ojú ìwé 10,000 fún Ààrẹ ní oṣù kẹjọ. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ìjọba yí padà, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì wà níbi tí wọ́n gbé e sí.

Aládùúgbò wa Benin

Kí ló dé tí ti Benin, ilẹ̀ àwọn ará Kétu àti Sábẹ̀ẹ́, fi yàtọ̀? Ní 1989, owó tán lápò ìjọba wọn, owó oṣù kò wọlé, àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ń daṣẹ́ sílẹ̀. Mathieu Kérékou, ọ̀gágun tó ti wà lórí oyè láti 1972, gbà kí wọ́n pe àpérò. Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fi ṣe é ní Kùtọnu ní oṣù kejì ọdún 1990, bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì kan, Isidore de Souza, ló darí rẹ̀. Àwọn aṣojú kéde pé ohun tí àwọn bá pinnu, àṣẹ ni, kì í ṣe ìmọ̀ràn. Kérékou gbà. Wọ́n fi í sílẹ̀ sórí àga Ààrẹ fúngbà díẹ̀, wọ́n sì fi Nicéphore Soglo ṣe olórí ìjọba. Ọdún kan lẹ́yìn náà, wọ́n dìbò, Soglo wọlé, Kérékou sì lọ sílé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ní 1996, àwọn ará ìlú tún fi ìbò dá a padà.

Ẹ̀kọ́ kẹta nìyẹn: kí ẹ tó jókòó, ẹ ti mọ ẹni tó máa ṣe é tí ẹ bá dìde.

Àwa ńkọ́?

Mo padà sọ́dọ̀ wákàtí mẹ́ta wa. Ìbò tí a dì bófin mu, ṣùgbọ́n ó ti fẹ́ẹ́ ba Ọjọ́ Àṣà jẹ́. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Mo lọ bá ọ̀rẹ́ wa Núpé yẹn ní ilé oúnjẹ, mo bi í ní ohun tó yẹ ká ti bi í tẹ́lẹ̀: kí gan-an lẹ ò lè gbà? Ó ní kì í ṣe ìṣẹ́jú náà ló dùn wọ́n jù. Ó ní ohun tó dùn wọ́n ni pé a ti parí ọ̀rọ̀ kí àwọn tó wọlé.

Nítorí náà, mo fẹ́ gbé àbá kan síwájú ẹgbẹ́ wa ní ìpàdé ọjọ́ Ẹtì. Kí àwa fúnra wa yọ̀ǹda ìṣẹ́jú 15 nínú 50 wa, ká sì bẹ ẹgbẹ́ Haúsá àti Ígbò kí wọ́n ṣe bákan náà. Ìṣẹ́jú 45 nìyẹn. Pẹ̀lú 30 tí wọ́n ní, ó di 75. Ṣùgbọ́n ká má ṣe gbé iye yẹn lọ bá wọn bí ẹni pé a ti parí ẹ̀. Ká pè wọ́n jókòó kọ́kọ́. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní ọ̀nà kẹta tí àwa ò tíì rò.

Ẹ wá o. Ẹ má sì bá ara yín sọ ọ́ tán kí ẹ tó dé.