Ẹ̀yin oníkéèkì, ẹ yẹ ètò náà wò kẹ́ ẹ tó sanwó rẹ̀

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Oníkéèkì tó wà ní Ìfira-Àkókó, tó ń ra fúláwà ní báàgì 50 kìlógíráàmù, tó sì ń ṣe kéèkì inú ìwé àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń fi ife wọn nǹkan, gbọ́dọ̀ mọ bí yóò ṣe sọ ife di gíráàmù. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń ra ètò orí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà tí yóò bá wọn ṣírò rẹ̀. Àmọ́ ètò mìíràn wà tó jẹ́ pé àdánù ló ń kó báni.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ó mọ̀ pé ohun èlò kan wúwo ju èkejì lọ. Ife Amẹ́ríkà kan tó kún fún omi jẹ́ nǹkan bíi 240 gíráàmù. Ti ṣúgà jẹ́ nǹkan bíi 200, ti fúláwà jẹ́ nǹkan bíi 125. Ẹ tẹ ife fúláwà 4 sínú ètò náà. Bó bá pè é ní 500 gíráàmù, ó mọṣẹ́. Bó bá pè é ní 960, ìwọ̀n omi ló fi wọn fúláwà yín. Báàgì tó yẹ kó ṣe kéèkì 100 kò ní ṣe ju 52 lọ, kéèkì ọ̀hún yóò sì le koko.

Ẹ tún bi í léèrè irú páìntì tó ń lò. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ mìlílítà 473, ti ìlú Ọba jẹ́ 568.

Ẹ̀kẹta, ṣé ó gbà yín láyè láti fi ìwọ̀n tiyín sí i? Ọ̀pọ̀ ètò òkèèrè ni kò mọ kóńgò, dẹ́ríkà tàbí agolo mílíìkì, bẹ́ẹ̀ kóńgò tẹ́ ẹ bá rà nǹkan lọ́jà Ìkàrẹ́ lè má bá ti Ọ̀kà dọ́gba. Ẹ gbé kóńgò tiyín sórí síkéèlì, kẹ́ ẹ wọn fúláwà àti ṣúgà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kẹ́ ẹ wá kọ iye gíráàmù wọn sínú rẹ̀.

Ẹ rí i pé ó ń ṣiṣẹ́ bí kò bá sí nẹ́tíwọ̀kì, pé ẹ sì lè yí iye owó ọjà padà nígbà tó bá wọ́n, kẹ́ ẹ lè mọ iye tí kéèkì kan ń náni gan-an. Bí owó kò bá tíì sí, Excel lè ṣe gbogbo èyí.

Ṣùgbọ́n síkéèlì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà. Ohun tó bá sọ ni ètò yòówù yóò fi ṣírò.