Ojóró Inú Ẹ̀rọ Eré

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé, ṣùgbọ́n owó òbí wà nínú rẹ̀.

Bí ẹ bá gba Òkìtìpupa tàbí Ìlútitun kọjá ní ìrọ̀lẹ́, ẹ lè rí ṣọ́ọ̀bù kékeré tí a gbé tẹlifísọ̀n sí, tí àwọn ọmọkùnrin di pádì mú, tí wọ́n ń fi àtàǹpàkò gbá bọ́ọ̀lù. Géèmù ni wọ́n ń pè é. Láti nǹkan bí ọdún 2014, iná ìjọba kò dé púpọ̀ nínú àwọn ìlú ìhà gúúsù Oǹdó fún ọdún pípẹ́, bẹ́ẹ̀ ni jẹnẹrétọ̀ ṣe di òpó irú eré yìí. Owó epo kò sì kéré. Nítorí náà ni àwọn ọmọ ṣe máa ń ṣe àdéhùn pé ẹni tí ó bá pàdánù ni yóò sanwó. Owó ti wọ eré nìyẹn, ojóró sì tẹ̀lé e wọlé.

Ojóró kan wà tí ojú rí. Bí ẹnì kan bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n, ẹnì kejì yóò yára tẹ ibi tí ń dá eré dúró, kí ọwọ́ onítọ̀hún lè yẹ̀. Gbogbo ilé ni yóò pariwo lé e lórí. Ìyẹn kò le. Èyí tí ó le ni ti inú ikùn ẹ̀rọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi ayò ṣe àpẹẹrẹ. Ilé 12 ni ọpọ́n ní, ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. Bí ọ̀pẹ kan bá dọ́gbọ́n ju ọmọ méjì sínú ilé kan ṣoṣo, àwọn òǹwòran tí wọ́n pagbo yí i ká yóò ké. Ẹ̀rọ náà ní ọmọ ayò tirẹ̀: nọ́ńbà ni. Nọ́ńbà ni ẹ̀mí tí ó kù fún ẹni tí ń ṣeré, nọ́ńbà ni owó rẹ̀, nọ́ńbà ni eré sísá agbábọ́ọ̀lù rẹ̀. Ibi tí ojú òǹwòran kò tó ni ẹ̀rọ ti ń kà wọ́n. Nínú Pro Evolution Soccer, tí ilé iṣẹ́ Konami ní Japan ṣe, àyè wà láti tún agbábọ́ọ̀lù ṣe, débi pé a lè fún ẹni tí ń wọ́ ẹsẹ̀ ní 99 fún eré sísá. Ní 2021 ni wọ́n yí orúkọ eré náà padà sí eFootball, ṣùgbọ́n ẹ̀dà àtijọ́ ṣì wà lọ́wọ́ ènìyàn. Ọmọ tí ó bá kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀bù lè tún ẹgbẹ́ tirẹ̀ ṣe, kí ó sì dákẹ́ bí ẹni tí kò mọ nǹkan.

Kì í ṣe ibi ni ẹni tí a mọ̀ jù nínú àwọn olùpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ gbèrò. Ní 1986, Kazuhisa Hashimoto, òṣìṣẹ́ Konami kan náà, ń ṣe eré Gradius fún ẹ̀rọ Nintendo, ó sì ní láti dán an wò. Eré náà le jù fún un. Ó bá fi àṣírí kan pamọ́ sínú rẹ̀: òkè lẹ́ẹ̀mejì, ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, òsì, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, lẹ́yìn náà B àti A. Ó dà bí ọfọ̀. Bí ẹyọ kan bá yẹ̀, kò ní jẹ́. Wọ́n ta eré náà tòun tàṣírí rẹ̀. Nígbà tí Grand Theft Auto: San Andreas jáde ní 2004, irú ọfọ̀ bẹ́ẹ̀ kún inú rẹ̀, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sì ń dà wọ́n kọ sí ẹ̀yìn ìwé. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹni tí ó bá tẹ HESOYAM yóò gba $250,000, ara rẹ̀ yóò sì dá ṣáṣá. (Ì bá ṣe pé ó ń jẹ́ ní ọjà!)

Èmi kò rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìyẹn. Ẹni tí ó dá ta ayò, tí ó bu ọmọ ayò kún ilé ara rẹ̀, ta ni ó yàn jẹ? Nintendo àti ilé iṣẹ́ Galoob bá ara wọn ṣẹjọ́ ní Amẹ́ríkà nítorí Game Genie, ohun èlò tí ń yí nọ́ńbà eré padà. Galoob jàre ní 1991, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì fọwọ́ sí i ní 1992, pé ẹni tí ó ra eré lè yí i padà fún ìgbádùn ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ẹnì kejì bá ti jókòó, ọ̀rọ̀ di ọ̀tọ̀. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn kan ń ta ohun tí ń bá ènìyàn fi ìbọn sun alátakò, tàbí tí ń fi ẹni tí ó sá sẹ́yìn ògiri hàn. Ní Gúúsù Kòríà, òfin lè sọ ẹni tí ń ṣe é tà sí ẹ̀wọ̀n. Ẹ̀yin òbí, ẹ fiyè sí èyí pẹ̀lú: irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tí ọmọ bá rí lọ́fẹ̀ẹ́ tí ó sì fi sórí fóònù yín lè gbé olè sínú, fóònù náà sì lè jẹ́ èyí tí ẹ fi ń gba owó ní báńkì.

Ní ti ṣọ́ọ̀bù, kí ẹni tí ó ni ín dá nọ́ńbà àwọn agbábọ́ọ̀lù padà sí bí ilé iṣẹ́ ti ṣe é ní àràárọ̀, kí àwọn ọmọ méjèèjì sì jọ wo ẹgbẹ́ ara wọn lójú gbogbo òǹwòran kí wọ́n tó fi owó lé e. Kò gba ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, epo tí yóò jó kò sì tó nǹkan.