Ìkápá Ni, Kì í Ṣe Ìparun: Ọ̀rọ̀ Ìperí fún Ewéko àti Ẹja Àjèjì

Ẹni tí ó bá dúró létí omi ní Marine Beach, níbi tí Àpápá ti pàdé Ajégúnlẹ̀, yóò rí ewéko tútù yọ̀yọ̀ tí omi ń gbé kọjá lákòókò òjò. Kì í ṣe ojú oró, kì í sì í ṣe òṣíbàtà. Àwọn baba wa mọ méjèèjì. Gúúsù Amẹ́ríkà ni eléyìí ti ṣẹ̀. Ní 1984 ni a kọ́kọ́ rí i ní Nàìjíríà, nínú ọ̀sà Àgbádárìgì, láti ìhà Àjàṣẹ́. Mo dábàá pé kí a máa pè é ní abomilójú. Iyọ̀ omi òkun a máa pa á nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Òjò a tún gbé òmíràn dé.

Láti pè é ní àjèjì nìkan kò tó. Àjèjì láti Amẹ́ríkà ni àgbàdo àti gbágùúdá, a kò sì bá wọn jà. Abomilójú ń gba ipò mọ́ onílé lọ́wọ́: àjèjì agbapò ni.

Ní orílẹ̀-èdè Benin, láti 1991, ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú kòkòrò Neochetina sí i lára. Ó bá kòkòrò tí í jẹ àgbàdo inú àká tan. Àgbà rẹ̀ a máa họ ewé jẹ. Ìdin rẹ̀ a máa dá ihò sínú ọ̀pá ewé títí dé ìdí, omi a wọ ibẹ̀, ewéko a jẹrà, a sì rì. De Groote àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò ní 2003 pé, nígbà tí abomilójú gbilẹ̀ jù, ó ń gba nǹkan bí dọ́là mílíọ̀nù 84 lọ́dọọdún lọ́wọ́ àwọn ènìyàn bí 200,000. Iṣẹ́ kòkòrò dá mílíọ̀nù 30.5 padà. Kò dá gbogbo rẹ̀ padà. Bí ewéko bá tán, ebi a pa kòkòrò náà kú. Nítorí náà, ìfẹ̀dá-kápá-ẹ̀dá ni mo kọ. Apẹja tí atúmọ̀ bá ṣèlérí ìparun fún yóò sọ pé iṣẹ́ náà forí ṣánpọ́n ní ọjọ́ tí ó bá tún rí ewé kan.

A lè lo ọ̀rọ̀ kan náà fún ẹja, ṣùgbọ́n ewu pọ̀ níbẹ̀. Ní 1925 ni a gbé Gambusia, ẹja kékeré ará Amẹ́ríkà, dé Australia kí ó lè máa jẹ ìdin ẹ̀fọn. Ó jẹ ìdin. Ó jẹ ẹyin àkèré, ó sì ń gé ìrù ẹja onílé jẹ. Òun gan-an di àjèjì agbapò. Ohun tí kò ní ni àyànjẹ, èyí tí a wá lára Neochetina kí a tó tú u sílẹ̀. Kí àwọn olùkọ́ má ṣe kọ́ni ní ìfẹ̀dá-kápá-ẹ̀dá láìfi àyànjẹ tì í.