Ìbéèrè Tí A Ń Bi Oníṣu, Ẹ Jẹ́ Ká Bi Aláṣọ

Ẹni tó mọ ọjà ná kì í kàn sanwó iṣu kó sì gbé e lọ. Á gbé e wò, á fọwọ́ tẹ ìdí rẹ̀, á ní, "Ìyá, oko ibo lèyí ti wá? Ṣé wọn ò da ajílẹ̀ òyìnbó sí i?" Ìgbàgbọ́ ọ̀pọ̀ wa ni pé iṣu tí ajílẹ̀ pọ̀ lára rẹ̀ kì í pẹ́ rà. Oníṣu tó bá sì ń sòótọ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ la ó máa padà sí, bí ti ẹlòmíràn tilẹ̀ dínwó díẹ̀.

Rírajà lọ́nà tí kò ba ilẹ̀ jẹ́, tí kò sì rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, tí ayé ń pariwo rẹ̀ lónìí, kò ju irú ìbéèrè yìí lọ: ta ló ṣe é, kí ló fi ṣe é, kí ni yóò ṣẹ́ kù lẹ́yìn rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí Dassa-Zoumè, ìlú àwọn Ìdáàṣà, Yorùbá bíi tiwa, tó wà láàárín òkè àpáta ní nǹkan bíi 200 kìlómítà sí àríwá Kútọnu, ní orílẹ̀-èdè Benin. Lọ́dọọdún, ní oṣù kẹjọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ìjọ Kátólíìkì máa ń wá gbàdúrà ní ihò àpáta Arigbo. Ohun tí wọ́n bá fi wé oúnjẹ, tí wọn kò bá kó o lọ, àwọn onílé ló ń bá a gbé. Bó bá jẹ́ ewé eéran tí a fi pọ́n ẹ̀kọ, á jẹrà, á di ilẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀rá, ewúrẹ́ á gbé e mì, ojú àgbàrá á dí, ọmọ ọmọ wa á sì bá a níbẹ̀. Rwanda fòfin de ọ̀rá ní 2008. Ní December 26, 2017, Benin náà ṣòfin pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣe ọ̀rá tí kì í jẹrà, kí wọ́n má kó o wọlé, kí wọ́n má tà á, kí wọ́n má sì lò ó. Ṣùgbọ́n òfin kò lè bá wa gbé apẹ̀rẹ̀ lọ sọ́jà.

Aláṣọ ńkọ́? A kì í bi í ní nǹkan kan ju iye owó lọ. Bẹ́ẹ̀, inú oko ni ẹ̀wù òwú náà ti wá, Benin sì wà lára àwọn tó ń gbin òwú jù ní Áfíríkà. Àwìn ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń gba oògùn apakòkòrò, tí wọ́n á yọ gbèsè rẹ̀ nínú owó òwú wọn. Lákòókò ọ̀gbìn 1999 sí 2000, ó kéré tán, ènìyàn 37 ló kú ní ẹkùn Borgou nípasẹ̀ endosulfan, oògùn tí wọ́n ń fọ́n sí òwú. Ní 2011 ni àdéhùn Stockholm kà á mọ́ àwọn oògùn tí ayé gbọ́dọ̀ pa tì.

Àwọn kan ti yan ọ̀nà mìíràn. Ẹgbẹ́ OBEPAB ti ń kọ́ àgbẹ̀ Benin bí wọ́n ṣe lè gbin òwú láìlo oògùn òyìnbó ṣáájú ọdún 2000. Omi èso dóńgóyárò ni wọ́n fi ń lé kòkòrò. Níwọ̀n bí kò ti sí gbèsè oògùn níbẹ̀, àwọn obìnrin náà ń rí àyè dá oko òwú tiwọn.

Ẹni tó wà ní Èkó tàbí London kò lè bi àgbẹ̀ wọ̀nyí léèrè lójúkojú, nítorí náà ni àmì ṣe wà lára ọjà. Fairtrade, tí irú àmì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí kọfí ní Netherlands lọ́dún 1988, ń fi iye kan lélẹ̀ tí owó àgbẹ̀ kò gbọdọ̀ wálẹ̀ jù. GOTS, àmì mìíràn tó wà fún aṣọ, ní kí ìdá 70 nínú 100 fọ́nrán ara aṣọ, ó kéré tán, jẹ́ èyí tí wọ́n gbìn láìlo oògùn òyìnbó.

Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ wọ́n, kì í ṣe gbogbo ènìyàn lapá rẹ̀ ká a. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò lè gbé àpò tirẹ̀ lọ sọ́jà, kó ra ẹ̀kọ inú ewé, kó gbé aṣọ tó ya fún télọ̀ kó tó ra òmíràn. Ẹ̀yin tí owó yín bá sì tó o, ẹ béèrè ibi tí òwú ti wá kẹ́ ẹ tó sanwó. Bí oníbàárà kò bá béèrè, ọlọ́jà kò ní wádìí.