Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó dúró gbọin lójú ọ̀nà: kí ló ń sọ?

Ní oṣù Kejì ọdún 2024, àwọn olórí orílẹ̀-èdè Áfíríkà péjọ sí Addis Ababa, wọ́n sì fẹnu kò pé fún ọdún 15, a kò gbọdọ̀ pa kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ nítorí awọ rẹ̀ mọ́ ní gbogbo Áfíríkà. Awọ yìí ni wọ́n ń sè ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà títí á fi di oògùn ìbílẹ̀ kan tó ń jẹ́ ejiao, tí àwọn tó ń lò ó gbà pé ó ń mú ẹ̀jẹ̀ dára. Nígbà tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tiwọn ń tán lọ, ọ̀dọ̀ wa ni àwọn oníṣòwò yíjú sí. Ní àríwá Nàìjíríà, níbi tí ẹran yìí ti ń gbé omi, igi ìdáná àti ìkórè oko, ẹni tí wọ́n bá jí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ á fi orí ara rẹ̀ ru ẹrù ni. Obìnrin àti ọmọdé ló sì máa ń bọ́ sí lọ́rùn jù.

Inú mi dùn sí òfin náà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìyà ló ń jẹ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí kì í ṣe ọwọ́ oníṣòwò awọ ló ti wá. Ọwọ́ ẹni tó ni ín ni, ẹni tó nílò rẹ̀, tí kò sì mọ ohun tí ẹran náà ń sọ.

Ẹ wo kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó gbé ẹrù dé etí odò kékeré kan, tó dúró gbọin. Wọ́n fà á, kò lọ. Wọ́n nà án, kò lọ. Wọ́n ní olóríkunkun ni. Bẹ́ẹ̀, aṣálẹ̀ ni ìran rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Àyẹ̀wò àbùdá tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gbé jáde ní ọdún 2022 fi hàn pé ìlà-oòrùn Áfíríkà ni ènìyàn ti kọ́kọ́ sọ ọ́ di ẹran ọ̀sìn, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méje ọdún sẹ́yìn. Ẹṣin jẹ́ ẹran pápá gbalasa: bí ẹ̀rù bá bà á, eré ló máa sá, agbo rẹ̀ á sì bá a sá. Ní aṣálẹ̀, koríko kò pọ̀ lójú kan, agbo ńlá kò ṣeé kó jọ, eré asán láàárín àpáta sì ń jẹ agbára tí kò rọrùn láti rí padà. Nítorí náà kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ á dúró, á na etí, á wo ohun náà dáadáa, kó tó pinnu bóyá kó lọ, kó padà, tàbí kó jà. Ẹni tó ti ka ìtàn Báláámù nínú Bíbélì á rántí pé ìgbà mẹ́ta ló lu kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ẹran náà ti rí ohun tí ẹni tó gùn ún kò rí. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gbóòórùn omi náà, kí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mìíràn tàbí ènìyàn kọ́kọ́ kọjá níṣojú rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, á tẹ̀ lé e.

Ibi tó léwu jù ni ti àìsàn. Ẹran tó bá fi ìrora hàn nínú igbó ti pe ẹranko apẹran síra rẹ̀, nítorí náà kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ máa ń pa á mọ́ra. Ẹṣin tí inú ń run lè máa yí gbirigbiri nílẹ̀. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ní irú àìsàn kan náà lè kàn dúró jẹ́ẹ́, kó sorí kọ́, kó ki ẹnu bọ oúnjẹ bí ẹni ń jẹ, láìgbé nǹkan kan mì. Àìjẹun yìí fúnra rẹ̀ ń pani. Ara á máa tú ọ̀rá tó kó pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ọ̀rá á pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, á ba ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín jẹ́. Èyí tó sanra jù, èyí tó lóyún àti èyí tí ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ ló sábà máa ń kó sí i. Bí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bá kọ oúnjẹ, ẹ má sọ pé ẹ máa wò ó dọ̀la. Ẹ pe dókítà ẹran lọ́jọ́ náà gan-an.

Mo ní èyí tí ọkàn rẹ̀ bàjẹ́, mo sì mọ ohun tí mò ń sọ. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ méjì tí wọ́n jọ dàgbà máa ń so mọ́ra wọn débi pé, bí ẹ bá ta ọ̀kan, ìkejì lè dẹ́kun jíjẹun. Bí ọ̀kan bá kú, ìmọ̀ràn àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ni pé kí a fi òkú náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìkejì rẹ̀ títí tí òun fúnra rẹ̀ á fi kúrò níbẹ̀.

Ìtọ́jú ojoojúmọ́ kò gba owó púpọ̀. Koríko gbígbẹ àti poroporo ọkà bàbà tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ọkà àti koríko tútù àpọ̀jù lè fa àrùn pátákò. Ó lè fara da òùngbẹ tí yóò ré ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ara rẹ̀ kúrò, èyí ló sì ń tan àwọn olówó rẹ̀ jẹ: wọ́n á ní kò nílò omi. Ó nílò rẹ̀, omi tó mọ́, torí kì í fẹ́ mu ìdọ̀tí. Òjò máa ń wọ irun rẹ̀ ju ti ẹṣin lọ, kí ó rí ibi sá sí. Ẹ gé pátákò rẹ̀ kó tó hù jù, ẹ sì fi nǹkan rírọ̀ sábẹ́ ẹrù. Okùn tó bá kan egungun ẹ̀yìn tààrà á dá egbò síbẹ̀.

Ìbaaka ńkọ́? Akọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti abo ẹṣin ló bí i. Krómósómù 64 ni ẹṣin ní, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ní 62, ìbaaka ní 63, èyí ni kì í fi í sábà bímọ. Ó jogún ìṣọ́ra bàbá rẹ̀, ó tún yá láti sá tàbí láti ta ìpá bíi ti ìyá rẹ̀, nítorí náà sùúrù tí a fi ń kọ́ ọ ní iṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po. Oògùn tí a fi ń mú ẹṣin rọlẹ̀ kì í sábà ká a bí a bá fún un níwọ̀n kan náà. Ara kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ní tirẹ̀ sì máa ń tètè lo àwọn oògùn ìrora kan tán ju ti ẹṣin lọ. Bí dókítà bá dé, kí ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó mọ irú ẹran tó wà níwájú rẹ̀.